Ohùn Kan Láàárín Ẹ̀rọ: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Àwo Orin Jẹ̀lẹ́ńkẹ́

Ní 2003, Skye Edwards kúrò nínú ẹgbẹ́ olórin Morcheeba ní London. Ohùn obìnrin yìí ló wà níwájú nínú gbogbo àwo tí ẹgbẹ́ náà ti gbé jáde láti 1996. Àwọn ọmọ ìyá méjì tó dá ẹgbẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, Paul àti Ross Godfrey, kò lọ síbì kankan. Àwọn náà ló ṣì ń to ìlù, àwọn ló ṣì ń ta gìtá. Wọ́n wá akọrin mìíràn, Daisy Martey, wọ́n fi ohùn tirẹ̀ ṣe àwo kan ní 2005. Nígbà tó di 2008, wọ́n tún dá ọgbọ́n mìíràn: wọ́n kó oríṣiríṣi akọrin jọ sínú àwo kan ṣoṣo. Ní 2010, Skye padà wálé. Paul ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ báyìí, Skye àti Ross ló kù, àwo tí wọ́n sì gbé jáde ní 2025, *Escape the Chaos*, orí ohùn Skye yẹn náà ló dúró lé.

Ọwọ́ kan náà ló ta gìtá nínú àwo wọn ti 1998 àti ti 2005. Ẹni tó bá gbọ́ àwo méjèèjì kò ní í pè wọ́n ní ẹgbẹ́ kan náà. Báwo ni orin tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ṣe ìdá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe wá rọ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun èèyàn kan tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe bíìtì níbí ní Jos máa ń bèèrè rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ní kọ̀ǹpútà àti etí tó mú, síbẹ̀ tí orin wọn kì í pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu ará ìlú. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ tú palẹ̀.

Orin jẹ̀lẹ́ńkẹ́ tí à ń wí yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní downtempo. Ìlù rẹ̀ kì í sáré. Orin ijó ilé fàájì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní house, máa ń lu tó ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin jẹ̀lẹ́ńkẹ́ kì í sábàá kọjá 100, púpọ̀ nínú wọn ló wà ní àyíká 80. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìlù bá ń dún ní ìgbà 120, àlàfo tó wà láàárín ìró kan sí èkejì jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá jẹ́ 80, àlàfo yẹn di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ lè sọ pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀? Ó pọ̀. Nínú orin tó ń sáré, ìlù ti tún dé kí etí tó ráyè wo ohun tó wà láàárín. Nínú èyí tó ń rọra lọ, etí ráyè. Ó máa ń gbọ́ bí akọrin ṣe mí, ó máa ń gbọ́ bí ètè méjì ṣe pàdé kí ọ̀rọ̀ tó jáde, bí ohùn bá sì gbọ̀n díẹ̀ ní ìparí gbólóhùn, kò ní í sàìgbọ́. Akọrin tí ohùn rẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú kò ríbi sá sí nínú irú orin bẹ́ẹ̀. Akọrin tó bá sì ní i, àlàfo yẹn ni àga rẹ̀.

Irú orin yìí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá rárá. Ẹni tó bá mọ àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá mọ bí ọkùnrin kan ṣe lè jókòó jẹ́ẹ́, kó má pariwo, kí agídìgbo máa dún lábẹ́ ohùn rẹ̀, kí elégbè máa gbè é, tí gbogbo onílù á sì mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ wọn rọlẹ̀. Bàbá yìí kò jẹ́ kí gìtá wọ inú orin rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó kórìíra ẹ̀rọ: ní 1979 ló ṣí sítúdíò Phonodisk ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gba ìró 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mọ̀ pé ohùn kan tó bá fẹ́ gbé orin gígùn dúró gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀. Iṣẹ́ tí onílù àpàlà ń fi ọwọ́ ṣe nígbà náà ni poródúsà ń fi asin kọ̀ǹpútà ṣe lónìí.

Ta ni ń ṣe kí ni nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn méjì sí mẹ́rin ni wọ́n. Ẹnì kan á máa to ìlù lórí ẹ̀rọ tàbí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan á máa tẹ kíbọ́ọ̀dù tàbí ta gìtá, ẹnì kan á máa kọrin. Àwọn tó ń to ìlù máa ń gé ìró kéékèèké láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, wọ́n á tún un tò, wọ́n á jẹ́ kó máa yí po. Ẹgbẹ́ Portishead ti Bristol ní England tún fi ọ̀nà mìíràn kún ìyẹn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ lu ìlù, tí wọ́n ta gìtá, tí wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí rẹ́kọ́ọ̀dù gidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn sílẹ̀ lórí ilẹ̀ sítúdíò, wọ́n ń fi bàtà rìn lórí rẹ̀ kó lè há, kó máa ta pàrà-pàrà bí èyí tó ti pẹ́ nínú àká. Ìgbà tó ti gbó tán ni wọ́n tó gé ìró láti inú rẹ̀. Gbogbo wàhálà yìí, nítorí ohùn Beth Gibbons ni. Ohùn rẹ̀ dún bí ẹni tó ti sunkún tán, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìlù tuntun tó ń dán gbinrin á ba irú ohùn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Àwo wọn àkọ́kọ́, *Dummy*, jáde ní 1994, ó sì gba ẹ̀bùn Mercury ní 1995. Àwo sítúdíò mẹ́ta péré ni wọ́n ti ṣe títí dòní, Gibbons nìkan ló sì jẹ́ akọrin nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń ṣì í ṣe nìyí. Ní Nàìjíríà, poródúsà á ti ṣe bíìtì parí kó tó wá akọrin. Á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, akọrin á gbọ́ ọ nínú mọ́tò, á débẹ̀ á kọrin lé e, ó parí. Fún orin kan ṣoṣo, kò burú, orin tó dùn ti jáde bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Fún odidi àwo tí ohùn kan máa gbé, ọ̀nà yẹn kò dáa. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń ti ọ̀dọ̀ akọrin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní kó kọrin láti ìsàlẹ̀ pátápátá lọ sókè, kí wọ́n lè mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ti ń rọ̀, ibi tó ti ń le, ibi tó ti ń fọ́. Láàárín gbogbo rẹ̀, àgbègbè kékeré kan máa ń wà tó jẹ́ pé bí akọrin bá wà níbẹ̀, kò nílò kó ké, ọ̀rọ̀ á kàn máa jáde ni. Àgbègbè yẹn ni wọ́n á fi ọ̀pọ̀ orin inú àwo sí. Wọ́n á yí kọ́ọ̀dù gìtá àti ti kíbọ́ọ̀dù padà kó lè bá a mu, ìgbà mìíràn ìṣísẹ̀ kan péré ni wọ́n á fi sún un wálẹ̀, orin tó ń le lọ́rùn akọrin á sì di ohun tó ń fi ẹnu sọ. Olórin Sade Adu, tí mo ṣì máa padà sọ̀rọ̀ rẹ̀, tó ní ohùn ìsàlẹ̀, kì í gùn ju bó ti yẹ lọ, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì mọ̀ ọ́n débi pé wọn kì í tì í.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àyè. Ìró jẹ́ gbígbọ̀n afẹ́fẹ́. Bí obìnrin bá ń sọ̀rọ̀ lásán, afẹ́fẹ́ máa ń gbọ̀n tó ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá ń kọrin, ó lè ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Ìró ìsàlẹ̀ tí à ń pè ní básì máa ń gbọ̀n láàárín nǹkan bí 40 sí 100. Ibi tí etí wa ti ń gbọ́ràn jù lọ wà láàárín 2,000 sí 4,000, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń yéni. Ìró “s” ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé gìtá, dùùrù àti kíbọ́ọ̀dù máa ń fẹ́ jókòó sí ibi kan náà tí ohùn èèyàn jókòó sí. Bí wọ́n bá jọ wà níbẹ̀, ohùn á rì. Ẹni tí kò mọ̀ á gbé ohùn sókè, nígbà tó bá gbé e sókè, gìtá á dà bíi pé ó kéré, á tún gbé gìtá sókè, títí gbogbo rẹ̀ á fi di ariwo. Ẹni tó mọ̀ á gé díẹ̀ kúrò lára gìtá níbi tí ìró rẹ̀ ti bá ti ohùn pàdé, á fi ìyókù sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ gìtá yẹn ní òun nìkan, ẹ ó sọ pé ó ti tín-ín-rín jù. Bó bá wà lábẹ́ ohùn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé wọ́n gé nǹkan kan lára rẹ̀.

Ìdí rèé tí básì fi máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú orin jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni básì ń gbé, òun àti ohùn obìnrin kò jọ ń jìjàdù ilẹ̀. Ẹgbẹ́ lè jẹ́ kí básì tóbi bó ti wù wọ́n kí ohùn má sì rì. Àárín ló yẹ kó ṣófo. Àwọn poródúsà tí wọ́n mọ̀ ọ́n máa ń pa ohun tí wọ́n ti tò rẹ́ ju ohun tí wọ́n ń fi kún un lọ.

Nísinsìnyí, gbígba ohùn sílẹ̀. Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbí, torí ìlú Jos ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ìlú wa wà ní nǹkan bí 1,200 mítà sókè ju òkun lọ, ooru rẹ̀ kò tó ti Èkó rárá. Ní Èkó, bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn sítúdíò pa, ooru á mú akọrin. Bí wọ́n bá tan fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, ìró rẹ̀ á wọ inú máìkì. Nínú orin tí ìlù rẹ̀ ń pariwo, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìró fáànù. Nínú orin tó dákẹ́, á máa hó lábẹ́ ohùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ní Jos, èèyàn lè ti yàrá pa ní Rayfield tàbí Bukuru, kó kọrin fún wákàtí méjì láìtan fáànù kankan. Àǹfààní ńlá nìyẹn, mi ò sì mọ ìdí tí a kì í fi í fọ́nnu nípa rẹ̀.

Àwa náà ní ọ̀tá tiwa. Láti oṣù keje sí ìkẹjọ, òjò kì í fẹ́ dá lórí òkè yìí, òrùlé páànù sì pọ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ náà. Nígbà ọyẹ́, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, afẹ́fẹ́ á gbẹ hàn-ìn, ètè á là, ọ̀nà ọ̀fun á gbẹ. Okùn ohùn tó gbẹ kì í gbọ̀n dáadáa, ohùn á máa ha, pàápàá níbi tó yẹ kó rọ̀. Akọrin tó gbọ́n á máa mu omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ láti àárọ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá dé iwájú máìkì, nítorí omi tí à ń mu kì í kan okùn ohùn ní tààrà. Inú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbà kó tó débẹ̀. Ní ti jẹnẹrétọ̀, kò sí ibi tó yàtọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ gbé e jìnnà, tàbí kí ẹ dúró di òru.

Yàrá náà kò gbọdọ̀ máa dún padà. Kò dìgbà téèyàn bá ra fóòmù olówó iyebíye: ìbora tó nípọn tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, matírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n gbé dúró sí ẹ̀yìn akọrin, àpótí aṣọ tó kún tí wọ́n ṣí sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gbé ìró mì. Akọrin á wá súnmọ́ máìkì. Bí ó bá ṣe súnmọ́ ọn tó ni ohùn rẹ̀ á ṣe nípọn tó, nítorí irú máìkì tí wọ́n ń lò jù máa ń fi kún ìró ìsàlẹ̀ bí ẹnu bá ti súnmọ́ ọn. Ohùn tó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí ẹ létí nínú orin jẹ̀lẹ́ńkẹ́, ibẹ̀ ló ti wá. Akọrin náà kò pariwo. Ó súnmọ́ máìkì, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ló gbé e ga lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlà orin kan ṣoṣo, ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Akọrin á kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́fà. Nínú ti àkọ́kọ́, ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní òótọ́ kan nínú. Ẹ̀kẹta dára ní àárín. Ẹ̀karùn-ún mọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì dùn. Poródúsà á gé ìbẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́, á so ó mọ́ àárín ti ẹ̀kẹta, á gbé ìparí láti inú ti ẹ̀kẹfà, á sì fi ara balẹ̀ níbi tí wọ́n ti so pọ̀ kí èémí má bàa di méjì. Ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ bí ẹni pé ó kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, àṣàyàn ni. Èmi kò kà á sí irọ́. Ẹni tó ń kọ̀wé náà ń pa gbólóhùn rẹ́.

Elégbè ńkọ́? Nínú àwo tó dúró lórí ohùn kan, akọrin yẹn náà ló sábà máa ń gbe ara rẹ̀. Á kọ́kọ́ kọ orin, á tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n á fi ọ̀kan sí etí ọ̀tún, ọ̀kan sí etí òsì. Lẹ́yìn ìyẹn, á kọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ohùn mẹ́jọ lè wà níbẹ̀, ẹnì kan ni gbogbo wọn. Nítorí pé ẹni kan náà ló ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ dọ́gba, wọ́n wọ inú ara wọn bí omi. Ìdí rèé tí ègbè inú irú àwo yìí kì í fi í jọ ti akọrin ìjọ tó kó ogún èèyàn jọ.

Ó ku ibi tó kan àwa tó ń kọrin ní Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1997, ilé iṣẹ́ Antares gbé Auto-Tune jáde. Andy Hildebrand tó ṣe é ti kọ́kọ́ fi ìmọ̀ ìró bá àwọn tó ń wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà máa ń wo ohùn akọrin, bó bá rí i pé kò bọ́ sójú ìró tó yẹ gan-an, á fà á lọ sí èyí tó súnmọ́ ọn jù. Wọ́n lè ní kó rọra fà á, wọ́n sì lè ní kó já a gba lójú ẹsẹ̀. Fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, bó ti wù kó yára tó, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò yí. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pe “ìwé” kí ẹ fetí sí i: ohùn kò fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sí òkè, ó gùn ún ni. Ẹ pe “pákò”: ó ń yọ̀ wálẹ̀ ni. Gígùn àti yíyọ̀ yìí ni etí Yorùbá fi ń mọ ọ̀rọ̀. Auto-Tune tó ń já nǹkan gbà á sọ òkè tó ń gùn di àtẹ̀gùn, ohùn á máa fò láti ìpele dé ìpele. Nínú orin tó ń sáré, ọ̀rọ̀ tó yí ká á ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ohun tí akọrin ń wí. Nínú orin jẹ̀lẹ́ńkẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan lè wà lẹ́nu fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, gbogbo ayé ló máa gbọ́ ọ. Ìmọ̀ràn mi fún poródúsà tó bá ń bá olórin Yorùbá ṣiṣẹ́ kò gùn: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn rọra ṣe, tàbí kí ẹ pa á, kí akọrin tún un kọ. Ohun kan náà ló kan èdè yòówù tó ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, títí kan Ibibio tí Eno Williams fi ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ Ibibio Sound Machine ní London. Ìlù ẹgbẹ́ yẹn yára ju ti èyí tí à ń sọ lọ, ṣùgbọ́n ohùn kan ni àwọn náà fi ẹ̀rọ àti fèrè wọn yí ká.

Ní ti gbohùngbohùn, ìṣirò tí a ṣe níṣàájú ló tún padà wúlò. Bí orin bá wà ní 80, wọ́n á ṣètò rẹ̀ kí ohùn máa dáhùn padà lẹ́yìn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, tàbí ìdajì ìyẹn. Nígbà náà, ìdáhùn á máa bọ́ sórí ìlù, á di ara orin. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ láìṣírò, á máa dí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà.

Nígbà tí orin bíi mẹ́wàá bá ti wà nílẹ̀, kí ló ń sọ wọ́n di àwo? Ẹgbẹ́ Massive Attack, tí Bristol náà bí, yan ọ̀nà àlejò. Nínú *Blue Lines* ti 1991, Shara Nelson kọ, Horace Andy ti Jàmáíkà kọ. Nínú *Protection* ti 1994, Tracey Thorn dé, Nicolette tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà náà dé. Orin wọn kò tú ká, nítorí pé ìlù wọn ní ojú tí gbogbo ènìyàn mọ̀, Horace Andy sì ń padà wá nínú àwo wọn kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe, ó sì gba agbára.

Èyí tó wù mí jù láti fi ṣàpẹẹrẹ súnmọ́ wa ju Bristol lọ. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Fọláṣadé Adú ní 1959, ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì mú un lọ sí England. Sade tí à ń pè kì í ṣe orúkọ òun nìkan. Orúkọ ẹgbẹ́ ni, èèyàn mẹ́rin: òun, Stuart Matthewman, Andrew Hale àti Paul Denman. Láti 1984 sí 2010, àwo sítúdíò mẹ́fà ni wọ́n ṣe. Lẹ́yìn *Love Deluxe* ti 1992, Sade sinmi fún ọdún mẹ́jọ. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yòókù kò sinmi. Wọ́n pe ara wọn ní Sweetback, wọ́n sì gbé àwo jáde ní 1996. Maxwell kọrin fún wọn, Amel Larrieux kọ, Leroy Osbourne kọ, Bahamadia ké rap; àwọn orin kan sì wà tí kò ní akọrin rárá. Básì yẹn náà ni. Kíbọ́ọ̀dù yẹn náà ni. Àwo tó dára ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí orin kan bá ti parí, ẹni tó ń gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti mọ ẹlòmíràn. Nínú *Love Deluxe*, nígbà tí ẹ bá fi dé orin kẹta, ẹ ti mọ obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí ìkẹfà, ẹ gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti gbọ́ ti ìkejì. Ìmọ̀ yẹn ń pọ̀ sí i láti orin dé orin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ ìtàn kan. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é.

Ewu tirẹ̀ náà wà. Ohùn kan lè súni. Bí gbogbo orin bá wà ní ìyára kan, tí ohùn sì wà ní ibi kan náà, orin karùn-ún ni oorun á ti gbé èèyàn lọ. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n máa ń yí ohun tó wà lẹ́yìn ohùn padà: ibì kan á jẹ́ gìtá nìkan, ibì kan á jẹ́ básì àti ìlù, ibì kan akọrin á dákẹ́ fún odidi ìṣẹ́jú kan.

Nílé níbí, ẹni tó súnmọ́ irú iṣẹ́ yìí jù lójú mi ni Brymo. Láti *Merchants, Dealers & Slaves* ti 2013 títí dé *Oṣó* ti 2018, Mikky Me Joses ló ṣe ọ̀pọ̀ nínú orin rẹ̀: poródúsà kan, ohùn kan, àwo tẹ̀lé àwo. A sì gbọ́dọ̀ rántí pé orin tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ mọ ohùn Brymo, *Oleku* ti Ice Prince ní 2010, ọwọ́ ọmọ Jos ló ti jáde: Jesse Jagz ló ṣe é, òun tó tún ṣe púpọ̀ nínú *Talk About It* tí M.I, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbé jáde ní 2008. Ṣáájú wọn, ní 2004, Jeremiah Gyang ti fi ohùn kan àti èdè Hausa ṣe *Na Ba Ka*. Jos kò ṣaláìní olóhùn. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìró náà wà: National Film Institute ti wà níbí láti 1995, NTA Television College náà sì wà ńbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń gbàgbé. Bí àwo bá dúró lórí ohùn kan, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, ya ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin sọ́tọ̀ sí ti ẹni tó ni gbígbasílẹ̀, ó sì ya ti akọrin sọ́tọ̀ sí ti àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ á máa jiyàn nígbà tí owó bá dé.

Ẹ̀yin tó ń ṣe bíìtì ní Tudun Wada, ní Bukuru, ní Rayfield, ẹ gbé *Love Deluxe* àti *Sweetback* sílẹ̀, ẹ gbọ́ wọn tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dìfóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá akọrin kan kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà.